Èsì: Ibo ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò yín tó jẹ́ Mùsùlùmí?

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ bèèrè bóyá kí ẹ fi Mẹ́talọ́kan bẹ̀rẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ bá aládùúgbò yín tó jẹ́ Mùsùlùmí sọ̀rọ̀ Jésù. Rárá o, àríyànjiyàn nìyẹn máa dá sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Lúùkù orí 1. Aládùúgbò yín ti mọ ìtàn Màríà àti ìbí Jésù láti inú Súrà 19, ìyẹn orí 19 nínú Kùránì. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ ka Lúùkù 15, ìtàn bàbá àti ọmọ onínàákúnàá, kí ẹ sì bi í irú bàbá tó rí níbẹ̀. Ibi àgbélébùú gan-an ni ọ̀rọ̀ ti máa ń le, torí Súrà 4:157 ní wọn kò kan Jésù mọ́ ọn. Ẹ má kánjú débẹ̀. Ẹ má gbé Bíbélì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má sì bú Ànábì wọn láé. Ẹ̀yin méjèèjì nìkan ni kí ẹ jọ jókòó: níwájú ẹbí, kò ní lè sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.