Kí ló dé tí okùn ìwọ̀ eléṣinṣin mi ń wó jọ síwájú mi?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ìwọ̀ olójé pẹja. Láìpẹ́ yìí ni mo ra ọ̀pá fly-fishing, ìyẹn ọ̀pá ìwọ̀ eléṣinṣin, ẹsẹ̀ bàtà 9 ni gígùn rẹ̀, wọ́n sì kọ nọ́ńbà 5 sí i lára. Bí mo bá ti jù ú, gbogbo okùn á wó jọ síwájú mi bí ìfun ẹran. Bí mo ṣe ń fi agbára kún un ló ń burú sí i. Ṣé ọ̀pá ni kò dáa ni, àbí ọwọ́ mi?

Ìdáhùn: Kò dà bíi pé nǹkan kan ṣe ọ̀pá yín. Àṣà tí òjé ti kọ́ ọwọ́ yín ló ń dà yín láàmú.

Nínú ìwọ̀ tí ẹ mọ̀ tẹ́lẹ̀, òjé ló ń fò, òun ló ń wọ́ okùn tẹ̀lé ara rẹ̀. Ti eléṣinṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀ kékeré tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú wé kó lè jọ kòkòrò ni, kò wúwo rárá. Ẹ ju ìyẹ́ adìẹ kan wò, kẹ́ ẹ rí ibi tí yóò dé! Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe okùn fúnra rẹ̀ nípọn, kó wúwo. Okùn lẹ ń jù, ìwọ̀ kàn ń bá a ròde ni. Nọ́ńbà 5 yẹn, ìwọ̀n okùn tó bá ọ̀pá mu ló ń sọ: ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ lára okùn nọ́ńbà 5 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 9. Ẹ yẹ páálí okùn yín wò. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà 3 ni wọ́n tà fún yín, ọ̀pá kò ní tẹ̀ bó ṣe yẹ, ẹ ó sì máa dá ọwọ́ lẹ́bi lásán.

Títẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ ọ̀pá. Ẹ pè é ní ọrun. Bí ẹ bá ń gbé e lọ, ìwúwo okùn á fà á sẹ́yìn, á tẹ̀. Bí ọwọ́ yín bá dúró gbọn-in lójijì, á nà padà, okùn á sì fò. Ẹni tó ń ti ọ̀pá lọ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi, ńṣe ló fa ọrun tó tún rọra dá a padà láìta ọfà.

Ẹ lọ sórí koríko. Ẹ so ìdì òwú sí ẹnu okùn dípò ìwọ̀, kẹ́ ẹ na okùn tó ẹsẹ̀ bàtà 30 síwájú, kó má dẹ̀. Àtàńpàkò lórí ọ̀pá, ìka ìfábẹ̀lá kó tẹ okùn mọ́ ọn. Ẹ gbà pé ojú aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, aago méjìlá wà lókè orí. Láti ìsàlẹ̀, ẹ gbé ọ̀pá sókè, jẹ́ẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kó máa yára sí i, títí dé bí aago kan lẹ́yìn. Ẹ dúró gbọn-in.

Ẹ wá ní sùúrù. Okùn gbọ́dọ̀ nà tán lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ tó mú un bọ̀ níwájú, kẹ́ ẹ sì tún dúró gbọn-in ní aago mẹ́wàá. Ibi tí àwọn olójé ti ń ṣìnà nìyí: iwájú nìkan ni wọ́n mọ̀. Ẹ yíjú wẹ̀yìn. Èmi náà ṣì ń wò ó títí dòní. Bó bá dún pàá bí pàṣán, ẹ ti kánjú, ìwọ̀ gidi ì bá ti já lọ. Bí okùn bá sì ṣe gùn sí, bẹ́ẹ̀ ni sùúrù yín ní láti gùn.

Bí okùn bá ń kanlẹ̀ lẹ́yìn, ọrùn ọwọ́ lẹ ń tẹ̀ jù. Ẹ ki ìdí ọ̀pá bọ inú ọwọ́ ẹ̀wù, kò ní lè tẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹja bá gbé e, ẹ má nà ọ̀pá sókè gbọọrọ; orí rẹ̀ tín-ín-rín, ó lè ṣẹ́. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ tó lágbára máa gbé ẹrù náà. Bó bá jẹ́ ọ̀pá tí wọ́n fi kábọ́ọ̀nù ṣe ni, iná mànàmáná ń gba ara rẹ̀ kọjá: ẹ jìnnà sí wáyà iná, kẹ́ ẹ sì kúrò létí omi bí àrá bá ń sán. Ẹ má gbàgbé awò ojú àti fìlà, torí ẹ̀bá etí yín ni ìwọ̀ ń gbà.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ ti tó. Bí apá bá ti ń ro yín, agbára lẹ tún ti ń lò.