Macaulay: ọmọ Olaf ni, ṣùgbọ́n Olaf wo?

Ẹ ní Macaulay ni orúkọ ìdílé yín ní Èkó, pé ẹ̀gbọ́n yín ní London ti pinnu pé ará Scotland ni yín, wọ́n sì fẹ́ ra aṣọ tartan, aṣọ onílà tó ń dábùú ara wọn tí ìdílé Scotland fi ń dá ara wọn mọ̀, àti àmì oyè ìdílé sílẹ̀ de ìgbéyàwó. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì san kọ́bọ̀.

Ìtumọ̀ orúkọ náà kò le. "Mac" ni "ọmọ" lédè Gaelic, èdè àtijọ́ àwọn ará Scotland àti Ireland. "Aulay" ni bí àwọn Gaelic ṣe ń pe Olaf, orúkọ àwọn ará Norway tí wọ́n gba orí omi wọ àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Scotland láti nǹkan bí ọdún 800. Àwọn ló ni ibẹ̀ títí di 1266, tí ọba Norway fà á lé ọba Scotland lọ́wọ́. Olaf fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ àtijọ́ méjì ló so pọ̀: baba ńlá, àti ẹni tó ṣẹ́kù. Ẹni tí baba ńlá fi sílẹ̀ sáyé. Àwa á pè é ní Àrólé, kó tán.

Mac Amhlaigh ni wọ́n ń kọ ọ́ lédè Gaelic. "Mh" yẹn ń dún bíi "w" tó gba imú jáde, "gh" ìparí kì í dún bíi "g" rárá. Akọ̀wé tí kò gbọ́ Gaelic kàn kọ ohun tí etí rẹ̀ gbà: Macaulay, MacAulay, McAulay, McCauley, M'Aulay. Ẹni tó bá ní "Mc" ni ti Ireland, "Mac" ni ti Scotland, ẹ má dá a lóhùn. Ìgékúrú lásán ni "Mc". Akọ̀wé kan náà lè kọ méjèèjì sójú ewé kan. Lẹ́nu àwọn tó ń sọ Gaelic, NicAmhlaigh ni obìnrin ń jẹ́, torí "Nic" ni ọmọbìnrin, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba "Mac" náà ni wọ́n kọ fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé Macaulay gbogbo, baba kan ló bí wọn. Rárá o. Olaf pọ̀ nígbà náà bí Òjó ṣe pọ̀ láàrin wa. Àwọn Macaulay kan wà ní Uig, ní erékùṣù Lewis. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti hú àwọn ọmọ ayò ṣẹ́ẹ̀sì Lewis jáde nínú iyanrìn ní 1831, tí wọ́n fi eyín ẹranko òkun gbẹ́ ní ayé àwọn ará Norway. Akọni wọn ni Donald Cam, olójú kan, tó gbé ayé ní nǹkan bí 1600. Ìtàn wọn ní àwọn Morrison tó bá wọn ṣọ̀tá sá sínú ilé olódi Dun Carloway. Donald fi ọ̀bẹ méjì gun ògiri òkúta náà, ó ń gún un bọ àárín òkúta, ó ń fà ara rẹ̀ sókè, ó wá ju koríko tó ń jó sí wọn lórí. Àwọn Macaulay mìíràn wà ní Ardincaple, lẹ́bàá odò Clyde nítòsí Helensburgh lóde òní. Àwọn ìjòyè Lennox ni wọ́n bá tan, kì í ṣe Lewis. Ní Ireland, Mac Amhalghaidh ti Westmeath tún wà, tí kò ní Olaf kankan nínú, orúkọ Ireland ni látilẹ̀.

Ní ti bó ṣe pọ̀ tó, kò sún mọ́ Smith, Brown àti Wilson tó ń ṣáájú ní Scotland. Ní Lewis gan-an, MacLeod ló gba ilẹ̀.

Tartan MacAulay tí wọ́n ń tà àti ọ̀rọ̀ Latin tó ń bá a rìn, Dulce periculum, "ewu dùn", ti Ardincaple ni. Àwọn ti Lewis, abẹ́ MacLeod ni wọ́n wà, kí Mackenzie tó gba erékùṣù náà. Àmì oyè ńkọ́? Òfin Scotland kò fún orúkọ ìdílé ní àmì oyè. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún, ilé ẹjọ́ Lord Lyon ní Edinburgh ló ń fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ta "àmì oyè Macaulay" fún ẹ̀gbọ́n yín, àmì oyè ẹlòmíràn ló tà.

Ẹ̀ka Lewis ló kan àwa. Zachary Macaulay, tí wọ́n bí ní Inveraray ní 1768, ọmọ àlùfáà ìjọ ni; Aulay tó jẹ́ baba baba rẹ̀ náà ṣe àlùfáà ní Harris, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lewis. Ọmọ ọdún 16 ni Zachary nígbà tó lọ ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké ní Jamaica, ohun tó rí níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀tá òwò ẹrú. Ó di gómìnà Sierra Leone ní 1794. Òun àti ẹbí rẹ̀ tún dá ilé iṣẹ́ Macaulay & Babington sílẹ̀, tó ń ṣòwò ní Freetown. Láti 1808 ni ọkọ̀ ogun òyìnbó ti ń já àwọn èèyàn wa gbà lójú omi, tí wọ́n ń sọ wọ́n kalẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n á wá gba orúkọ míṣọ́nnárì, ọ̀gá ilé iṣẹ́, gómìnà, tàbí ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ láti England. Ajayi Crowther gba tirẹ̀ lára àlùfáà kan ní London.

Thomas Babington Macaulay tiwa, tí wọ́n bí ní Kissy lẹ́bàá Freetown ní 1826, orúkọ ọmọ Zachary ni wọ́n fún un látòkè délẹ̀. Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Òun ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ó fẹ́ Abigail ọmọ Crowther, wọ́n sì bí Herbert ní 1864. Kò sí Olaf níbẹ̀.

Nítorí náà, ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà obìnrin ní oríkì orílẹ̀ yín, kí ẹ gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, ẹ má dúró di òkú. Oníkòyí tàbí Òpómúléró lẹ́nu ìyá àgbà kan yóò sọ ohun tí Scotland kò lè sọ fún yín. Lẹ́yìn náà, ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìwé CMS wà ní National Archives ní Ìbàdàn, ti òkè òkun wà ní yunifásítì Birmingham. Fún Freetown, ẹ wọ African Origins lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ tó lé ní 90,000 ló wà níbẹ̀. Ẹ má wá Macaulay o, torí orúkọ tí wọ́n fi sọ̀kalẹ̀ lórí ọkọ̀ ni wọ́n kọ. Òjó lè di Odjo tàbí Ojoe, ẹ pè é sókè kí ẹ tó fojú fò ó.

Bí ìwé bá tọ́ka sí òyìnbó gidi nínú ìdílé, ìgbà yẹn ni ScotlandsPeople, ìkànnì tí ìwé ìbí, ìgbéyàwó àti ikú Scotland wà, kàn yín. Ìforúkọsílẹ̀ ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 1855. Ìwé ọdún yẹn ló kún jù, wọ́n gé e kù ní 1856. Ẹ fi àmì ìràwọ̀ wá a báyìí, M*c*ul*y, kó lè kó oríṣiríṣi ìkọsílẹ̀ jọ. Ẹ dárúkọ páríìṣì pẹ̀lú, torí Donald àti John inú Uig kò lóǹkà. Kó tó di 1855, ìwé ìjọ nìkan ló wà, ti Uig kò sì bẹ̀rẹ̀ títí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi wọlé.

Àyẹ̀wò DNA ńkọ́? Ọkùnrin tó ń jẹ́ orúkọ náà ni kó ṣe ti Y, èyí tó ń tọ ọ̀nà baba sí baba. Bí ó bá bọ́ sí ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní E-M2, ọ̀nà ilẹ̀ wa ló tọ̀. Bó bá jẹ́ R1b ti ilẹ̀ Yúróòpù, R1a tàbí I1, òyìnbó kan ti kọjá níbẹ̀. Àyẹ̀wò gbogbogbòò tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó kì í ríran kọjá ìran márùn-ún tàbí mẹ́fà dáadáa.

Bí tartan bá ṣì ń wu ẹ̀gbọ́n, kò sófin tó dí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n yáàdì mẹ́jọ aṣọ irun àgùntàn tó nípọn ló ń wọ síkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin Scotland kan ṣoṣo. Ìgbéyàwó Èkó, nínú oṣù kẹta: ẹ ní kí wọ́n fi ṣe táì.