Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ kọ́kọ́ wọ inú ẹ̀ kí ẹnu tó dé ibẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ẹ bèèrè pé báwo lẹ ṣe lè ṣe ìrẹ̀ àti ìdin jíjẹ tí àwọn ọmọ kíláàsì yín ò fi ní máa yínmú sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é, fún ọmọdé fún àgbà, ojú mi sì ti rí nǹkan nídìí ẹ̀, torí náà ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀.

Èyí tẹ́ ẹ ní lọ́kàn yẹn, pé kẹ́ ẹ gbé odindi ìrẹ̀ síwájú wọn kẹ́ ẹ sì fún ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e mì lẹ́bùn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi sílẹ̀. Mo ti rí i níbi púpọ̀. Ariwo á sọ, wọ́n á ya fọ́tò, ẹnì kan á dimú á dijú á gbé e mì, ó parí náà nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa tún nawọ́ sí abọ́ yẹn mọ́. Ṣ'ẹ rí i, oúnjẹ tí wọ́n bá ní kéèyàn fi ìgboyà jẹ, wọ́n ti sọ fún un pé nǹkan ìbẹ̀rù ni.

Ohun tó ń lé èèyàn sá kì í sábà jẹ́ bó ṣe dùn tàbí bí kò ṣe dùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni, ìyẹ́ ẹ̀, ojú ẹ̀, àti kó máa rọ̀ lẹ́nu. Torí náà ìyẹ̀fun lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Ìrẹ̀ tí wọ́n sìn fún jíjẹ ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ mú nínú koríko, ta ló mọ oògùn apakòkòrò tí wọ́n ti fín síbẹ̀. Tó bá ti kú sínú fìrísà, ẹ sè é fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan nínú omi tó ń hó, ẹ já ẹsẹ̀ àti ìyẹ́ ẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ wá yan án nínú ófùn, iná jẹ́ẹ́jẹ́ o, títí táá fi máa ta sánsán bí ẹ̀pà yíyan. Ẹ fi ìka méjì fún ọ̀kan wò, tó bá ṣì ń tẹ̀ kò tíì gbẹ, tó bá fọ́ kẹ́kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun ẹ̀ ò ní nǹkan tó ń mú búrẹ́dì fà, torí náà ìyẹ̀fun tẹ́ ẹ fi ń ṣe bisikíìtì lẹ máa pò ó mọ́. Tẹ́ ẹ bá pọ̀ ọ́ jù bisikíìtì yẹn á máa rún, ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìyẹ̀fun náà tó. Àwọ̀ ẹ̀ náà máa ń ṣókùnkùn, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń po kòkó mọ́ ọn.

Eré ló kàn báyìí. Èmi máa ń fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ̀fun pípò, màá ní kó mọ kòkòrò tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí rí láyé. Ọmọbìnrin kan wà tó ká apá jọ látìbẹ̀rẹ̀, tó ní òun ò jẹ nǹkan kan. Nígbà tó yá ló mú ìyẹ̀fun, ó fi kóró ṣokoléètì lẹ ojú mẹ́ta mọ́ tiẹ̀, ó fún un ní ìrù, ó sọ ọ́ lórúkọ, nígbà tí mo sì gbé e jáde nínú ófùn ṣe ló ń fapá bò ó kí ẹlòmíì má baà mú un, orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ gé jẹ. Ọmọ tó ń sá fún ojú ìrẹ̀ ló fọwọ́ ara ẹ̀ lẹ ojú mẹ́ta o! Torí pé tiẹ̀ ni.

Tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu, nígbà míì ẹ fọ́n èérún ìrẹ̀ sórí ṣokoléètì, wọ́n fẹ́ràn bó ṣe ń dún lẹ́nu. Lẹ́yìn ìyẹn lodindi ìdin mealworm, ìyẹn ìdin jíjẹ tẹ́ ẹ bèèrè, èyí tó ti gbẹ, tó kàn, ẹ ya orí kìnnìún sórí bisikíìtì kí wọ́n máa fi ẹ̀mú kékeré to ìdin yí i ká ṣe irun ẹ̀. Mi ò kí ń sáré gbé e débẹ̀ rárá.

Ẹ má fi pa mọ́ fún wọn o. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ tán kó tó mọ̀ ò ní jẹ nǹkan tó tọwọ́ yín wá mọ́, ó sì léwu, torí ẹni tí ara ẹ̀ ò bá gba edé tàbí akàn, ìrẹ̀ náà lè dà á láàmú, wọ́n tan mọ́ra wọn. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí mealworm gbígbẹ lọ́dún 2021, wọ́n ní dandan ni kí ìkìlọ̀ yẹn wà lára ọjà. Àwọn òbí tó bá ń wò yín bákan, ẹ sọ fún wọn pé FAO, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, kọ ọ́ lọ́dún 2013 pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 èèyàn ló ń jẹ kòkòrò. Àwọn òbí nìkan o, ẹ má fi wàásù fún ọmọdé, kò sọ́mọ tó ń jẹ bisikíìtì nítorí ìṣirò.

Ìyẹ̀fun tó bá ṣẹ́ kù, inú ike tó dé pa ni kó wà nínú fìrísà, òróró ara ẹ̀ máa ń kan. Ìwé sáwọn òbí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ, kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun.