Iye Wo Ni Ká Dá Lé Àwòrán? Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Gálárì kan ní Èkó fẹ́ máa bá mi ta iṣẹ́ mi. Wọ́n ní ìdá 40 nínú 100 ni tiwọn. ₦300,000 ni mo fẹ́ gbà lórí àwòrán kan, mo bá fi ìdá 40 lé e, ó di ₦420,000. Ṣé ó tọ̀nà? (Ayàwòrán, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kò tọ̀nà, ẹ má sì tíì fọwọ́ síwèé. Lára owó tí oníbàárà bá san ni gálárì ti ń yọ tirẹ̀, kì í ṣe lára iye tí ẹ̀yin fẹ́ gbà. Ìdá 40 nínú ₦420,000 jẹ́ ₦168,000. ₦252,000 ló máa kù fún yín. Ìdá 60 ni tiyín, nítorí náà ẹ fi 0.6 pín ₦300,000. ₦500,000 ló yẹ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwòrán náà. Gálárì á mú ₦200,000, ₦300,000 yín á pé.

Owó kànfáásì, ọ̀dà àti férémù gbọ́dọ̀ ti wà nínú ₦300,000 yẹn kí ẹ tó pín in. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi férémù ₦40,000 lé ₦500,000, gálárì á mú ₦16,000 nínú owó férémù tí ẹ̀yin nìkan rà. Bí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé a ó kọ́kọ́ yọ owó férémù kí a tó pín èyí tó kù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ta irú àwòrán kan náà ní ₦300,000 nílé nígbà tí gálárì ń tà á ní ₦500,000. Àwọn tó ń ra àwòrán mọ ara wọn, wọ́n sì mọ ọ̀nà Òṣogbo. Ọjọ́ tí gálárì bá gbọ́, wọ́n á da ẹrù yín padà. Iye kan náà níbi gbogbo ni.

Kí ìwé àdéhùn sọ ọjọ́ tí owó yín máa wọlé lẹ́yìn títà (ọgbọ̀n ọjọ́ dára), ẹni tó máa san owó ọkọ̀ bí kò bá tà, àti ẹni tó máa sanwó bí àwòrán bá ya. Kó sọ ti ẹ̀dínwó pẹ̀lú: oníbàárà tó ti ń rà tipẹ́ lè ní kí wọ́n yọ ìdá 10 fún òun. Bí ìwé kò bá sọ pé ẹ jọ máa gbé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú apá tiyín nìkan ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ìbú lọ́nà gígùn (ní ínṣì) lọ́nà ₦300 ni mo fi ń dá iye lé àwòrán mi. Àwọn kékeré ń tà wàrà, àwọn ńlá kò kúrò nílẹ̀. Kí ló dé? (Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Ìṣirò yẹn ló fà á. Ínṣì 24 lọ́nà 36 ń mú ₦259,200 wá, ó dáa. Ṣùgbọ́n 8 lọ́nà 10 jẹ́ ₦24,000 péré, 48 lọ́nà 72 sì fò dé ₦1,036,800. Bí ìbú àti gígùn bá di ìlọ́po méjì, owó ti di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ ro ìbú àti gígùn pọ̀ dípò rẹ̀: 24 àti 36 jẹ́ 60. Ní ₦4,320 fún ínṣì kan, ₦259,200 náà ni. Kékeré á di ₦77,760, ńlá á di ₦518,400. Iṣẹ́ tuntun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó ti ra ńlá lówó àtijọ́ má baà rò pé ẹ rẹ́ òun jẹ.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí n gbé iṣẹ́ mi lọ sí gbàǹjo? Mo gbọ́ pé àwòrán kan tí Enwonwu, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, yà mú ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn wá. (Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Àwòrán Adétútù Adémilúyì, ọmọ ọba Ifẹ̀, tí Ben Enwonwu yà ní 1974, tà ní £1,205,000 ní Bonhams, ilé gbàǹjo kan ní London, ní oṣù Kejì 2018. Iye tí wọ́n fojú dá tẹ́lẹ̀ kò ju £300,000 lọ. Àmọ́ Enwonwu ti kú láti 1994, ẹni tó ni àwòrán ló gbowó náà. Ní gbàǹjo, bí owó kò bá dé iye tí ẹ ní kí wọ́n má tà á dín sí, àwòrán á padà sílé, gbogbo ẹni tó bá yẹ àkọsílẹ̀ wò ló sì máa rí i pé kò tà. Ẹ jẹ́ kí gálárì bá yín tà á fún ọdún mélòó kan ná.