Ẹ ka ọjọ́ tó wà lórí yẹ́lò káàdì yín kẹ́ ẹ tó máa ka ìlú

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú oríire ìfẹ̀yìntì o. Mo rí ìbéèrè yín. Ẹ ní ẹ̀yin àti ìyá wa nílé fẹ́ gbéra n'Íjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn Ojúde Ọba, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn yí Gánà ká pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti etí òkun títí dé òkè àríwá wọn. Ṣé kẹ́ ẹ wa mọ́tò yín lọ ni àbí kẹ́ ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ibo ni kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ yà sí? Àwọn tó ti dáhùn ṣáájú mi to orúkọ ìlú jọ bí ẹni tó ń pàtẹ ata. Kò burú. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ti bọ́dà fún yín nínú wọn, ibẹ̀ sì ni ojú tèmi ti rí màbo.

Oṣù kejì ọdún 2018 ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi gbéra ní Ṣágámù. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi dá àjọ owó ìrìn àjò yẹn. Páspọ́ọ̀tù wà, owó wà, a ti sanwó bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí Àkrà. Ìyẹn ò le. Ọmọ ECOWAS ni wá, a ò nílò físà, ọjọ́ 90 ni wọ́n fi ṣàlejò wa. Gbogbo ayé ló mọ ìyẹn.

Ohun tí gbogbo ayé ò mọ̀ ni ti yẹ́lò káàdì, ìwé pélébé tó ń fi hàn pé èèyàn ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Èmi gba tèmi nígbà tí ìrìn àjò ku ọjọ́ mẹ́rin. Nọ́ọ̀sì tó gún mi lu òǹtẹ̀ sí i, ó ní, "Mọ́mì, ó ti parí, ẹ lọ re." Kò parí o. Ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì yẹn tó níyì lójú òfin, ó sì wà nínú káàdì náà gan-an, wọ́n kọ ọ́ wínníwínní bí ẹyin èèrà. Èmi ò kà á. Ẹni tí wọ́n ń sanwó oṣù fún pé kó mọ̀ ọ́n náà ò kà á.

Ti ọkọ mi yàtọ̀. Láti 2007 tó ti lọ Mẹ́kà ló ti gba tiẹ̀, wọ́n sì kọ ọdún mẹ́wàá sórí rẹ̀ nígbà náà. Bẹ́ẹ̀, láti oṣù keje ọdún 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yí i padà, pé ẹni tó bá ti gba abẹ́rẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan, káàdì rẹ̀ di ti ọjọ́ ayé rẹ̀, títí kan àwọn káàdì àtijọ́ tí wọ́n kọ ọdún mẹ́wàá sí. Tèmi ò dáa, tiẹ̀ dáa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bọ́dà mẹ́ta lẹ máa kọjá: Sẹ̀mẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbà wọ Bẹ̀nẹ̀, Hillacondji tẹ́ ẹ máa gbà wọ Tógò, àti Aflao tẹ́ ẹ máa gbà wọ Gánà. Mi ò ní sọ èyí tó jẹ́. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá kan jókòó sídìí tábìlì, ó ń fi bíléèdì bó ọsàn. Ó gba káàdì mi, ó wò ó, kò dáwọ́ ọsàn bíbó dúró, èèpo yẹn gùn kalẹ̀ láìjá. Ó wá fi bíléèdì yẹn tọ́ka sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ń tẹ ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìkẹrin, ó dúró. Ó ní kí n lọ jókòó. Ó gba ti ọkọ mi, kò ka nǹkan kan níbẹ̀ ju "2007" lọ, ó ní èyí ti kú láti ọdún tó kọjá. Ọkọ mi ṣàlàyé òfin 2016 fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní ṣé òun ló fẹ́ wá kọ́ níṣẹ́ ni. Ó ju ègé ọsàn kan sẹ́nu.

Àga gbọọrọ kan wà lábẹ́ igi máńgòrò, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tẹ́ni kan bá dìde lójijì ẹni kejì á fẹ́ ṣubú. Ibẹ̀ la wà. Dẹ́rẹ́bà wa fun fèrè, ó dúró, ó tún fun fèrè. Nígbà tó tó wákàtí kan, ó lọ. Mi ò bínú sí i, àwọn èrò rẹ̀ ti ń pariwo. Ṣùgbọ́n àpò wa wà nínú ikùn bọ́ọ̀sì yẹn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi sì wà nínú àpò.

Ẹ̀gbọ́n, láti aago mọ́kànlá títí oòrùn fi wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò bá wa sọ̀rọ̀. Tí mo bá súnmọ́ tábìlì, wọ́n á ní "ẹ lọ jókòó". Ọmọkùnrin kan máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe òṣìṣẹ́, kò wọ aṣọ ìjọba, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, á ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká yanjú ẹ̀." Ọkọ mi ní òun ò ní fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí ìwé tó pé. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n orí ti ń fọ́ ọ, mo ń wo iṣan tó ń lù kìkì lẹ́bàá ojú rẹ̀. Mo fi gèlè mi rẹ omi, mo gbé e lé e lórí. Àwọn tó ń kọjá rò pé òkú la ní.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n pààrọ̀ òṣìṣẹ́. Ọmọbìnrin kan gba ipò, ó wo káàdì ọkọ mi, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó ní, "Bàbá, tiyín ò ní wàhálà, ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó?" Wákàtí méje! Ti èmi ni kò lè mójú kúrò níbẹ̀, ó sì ti rẹ̀ mí débi pé mo sanwó fún ọmọkùnrin yẹn. Kò sí rìsíìtì. Iye tí mo san, mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí bàbá àwọn ọmọ mi ń ka ibí yìí, kò sì tíì mọ̀ ọ́n títí dòní.

A sùn sí yàrá kan nítòsí bọ́dà. Ilẹ̀ mọ́, a wá ilé oògùn. Oníṣòwò yẹn ń sọ Faransé, ó ní kí ni orúkọ oògùn. Ọkọ mi ní "funfun kékeré ti àárọ̀". Orúkọ tó mọ̀ ọ́n sí nìyẹn láti ọdún méjìlá. Ìgbà tí mo tẹ ọmọ wa láago ní Ṣágámù, tó lọ wo páálí tó ṣófo nínú dúrọ́ọ̀, la tó mọ̀ pé amlodipine ni. Amlodipine náà ni wọ́n ń pè é lédè Faransé! Ẹ kọ orúkọ oògùn yín sórí ìwé, orúkọ oògùn fúnra rẹ̀ ni o, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ tó ṣe é, kẹ́ ẹ sì fi oògùn ọ̀sẹ̀ kan sínú báàgì tí kì í kúrò lára yín. Ọjọ́ méjì gbáko ló bá ọ̀rọ̀ yìí lọ kí àpò wa tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ ní Àkrà.

Àwọn tó ń ṣẹ́ owó náà ńkọ́. Owó CFA lẹ máa ná ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, ẹ máa ná sídì ní Gánà. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ máa fi jẹun lọ́nà, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ìyókù nínú báńkì. Ẹ ka owó yín fúnra yín lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kà á tán, ẹ má sì dá a padà sọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n tún un kà. Nígbà tí wọ́n bá gbà á padà ni idán ń ṣẹlẹ̀. A ń pera wa ní ọmọ Ìjẹ̀bú, a mọ owó, wọ́n sì fi idán yẹn gba nǹkan lọ́wọ́ èmi náà.

Ẹ bi mí léèrè mọ́tò. Ẹ má wà á lọ. Láti Àgbádárìgì dé Sẹ̀mẹ̀ nìkan, ìdènà ojú ọ̀nà á sú yín. Ẹ máa nílò ìwé mọ́tò tiwa, ìwé ìyọ̀ǹda ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, àti ìwé ìbánigbófò mọ́tò (inṣọ́ránsì) ti ECOWAS tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Gbogbo ìwé yẹn, ibi tí ẹnìkan ti lè bó ọsàn lé yín lórí ni. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì.

Àsìkò tẹ́ ẹ mú gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ojúde Ọba ń bọ́ sínú òjò báyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dé ọgbà ẹranko Mole lókè àríwá, oṣù kìíní sí ìkẹta ló dáa, ìgbà ọ̀gbẹlẹ̀, torí omi gbẹ níbi gbogbo, àwọn erin á wá mumi lójú yín. Lásìkò òjò koríko á ga, ẹranko á fọ́n ká, ẹ kàn máa wo igbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe Ojúde Ọba tán, kẹ́ ẹ sinmi, kẹ́ ẹ dúró de ọyẹ́.

Níbi tẹ́ ẹ máa yà sí: púpọ̀ èèyàn máa ń sáré gba Àkrà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti kọjá Aflao, agbègbè Volta lẹ ti wà yẹn, ẹ kúkú yà sí Ho àti Hohoe, kẹ́ ẹ lọ wo omi tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Wli. Ẹ gba Akosombo padà wá, níbi tí wọ́n ti fi ìdènà odò tí wọ́n parí ní 1965 dá adágún tó tóbi bí òkun. Lẹ́yìn ìyẹn Àkrà, Cape Coast, Kùmásì, Tamale. Nígbà tá a lọ, agbègbè mẹ́wàá ni Gánà. Ní 2019 wọ́n pín in sí 16. Tẹ́ ẹ bá ra máàpù àtijọ́, orúkọ á dàrú mọ́ yín lójú. Ẹ má gbìyànjú láti rí gbogbo rẹ̀. Ẹ lo ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin níbi kan.

Ti ilé olódi Cape Coast àti Elmina, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú pamọ́ kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi, mi ò ní sọ púpọ̀. Ọdún 1482 làwọn Potogí kọ́ ti Elmina. Ẹ wọ yàrá tí wọ́n ń kó àwọn obìnrin sí, kẹ́ ẹ wo bí fèrèsé rẹ̀ ṣe kéré tó. Ọkọ mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́. Ní Kakum tó wà nítòsí ibẹ̀, wọ́n so afárá okùn méje mọ́ orí igi, ẹ máa rìn lókè orí igbó. Èmi gòkè, ọkọ mi dúró nísàlẹ̀ ó ń gbàdúrà fún mi.

Kùmásì lẹ óò fẹ́ràn jù. Ẹ lọ sí Manhyia, ààfin tí wọ́n kọ́ ní 1925 fún Prempeh Kìíní, Asantehene, ìyẹn ọba àwọn Aṣáńtì, tí àwọn Òyìnbó mú lọ ní 1896, tí wọ́n sì gbé dé Seychelles. Ọdún mẹ́rin péré ṣáájú ìyẹn ni wọ́n bá àwọn baba yín jà ní Ìmágbọ̀n. Nígbà tí Prempeh padà dé, Òyìnbó kọ́ ilé fún un. Àwọn Aṣáńtì ní kò ní wọ̀ ọ́ àfi tí àwọn bá san gbogbo owó ilé náà tán. Mo ní, ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ ò bá wá sí Ìjẹ̀bú! Ní Bonwire, níbi tí wọ́n ti ń hun kẹ́ńtè, ọmọkùnrin ahunṣọ yẹn fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ di okùn òfì rẹ̀ mú, ó ń fi ẹsẹ̀ fà á, aṣọ ń jáde ní pélébé tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́. Ìyá wa tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń hun ìtagbè lórí òfì tó dúró lóòró á fẹ́ jókòó tì í.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbé Kùmásì títí di 1969 tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àlejò tí kò níwèé máa lọ. Àpótí kan ló gbé dé Ṣágámù. Mo rántí rẹ̀ lọ́jà Kejetia. A ń ná ìlẹ̀kẹ̀, mo yíjú sí ọkọ mi, mo fi Yorùbá sọ pé ká dá ìdajì fún un, yóò gbà. Obìnrin tó ń tà á ní, "Ẹ kú ọjà o, mi ò gbà." Agége ni wọ́n bí i sí, ọdún 1983 ni wọ́n lé àwọn òbí rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ tiwa. A san iye tó pè é.

Láti Kùmásì sí Tamale, kò dín ní wákàtí mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ fi ọkọ̀ òfurufú padà sí Àkrà láti Tamale, orúnkún yín á dúpẹ́. Ní Mole, ẹ má jókòó síta pẹ̀lú oúnjẹ. Mo gbé gàrí Ìjẹ̀bú dání láti ilé, èyí tó kan tó sì gbẹ dáadáa, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da omi sí i tán ni ìnàkí kan bọ́ sórí tábìlì, ó gbé ike náà, ó jókòó sórí ògiri, ó ń fi ọwọ́ bù ú. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi pé mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tẹ́ ẹ bá ti gba abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí káàdì ránṣẹ́ sí mi níbí. Mo máa bá yín kà á dé mẹ́wàá.