Ìbéèrè Yín: Ṣé Ẹni Tí Kò Ní Gẹ̀gẹ̀ Lè Ní Àìsàn Táírọ́ọ̀dì?

Ìbéèrè: Ó ti pẹ́ tí ó ti ń rẹ̀ mí bí ẹni tí kò sùn, òtútù a máa mú mi nígbà tí ooru ń mú àwọn ẹlòmíràn, mo sì ń sanra láìjẹ pé oúnjẹ mi pọ̀ sí i. Dókítà ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò táírọ́ọ̀dì, bẹ́ẹ̀ ọrùn mi kò wú rárá. Kí ni iṣẹ́ táírọ́ọ̀dì, ṣé àyẹ̀wò yìí sì pọn dandan?

Ìdáhùn: Ó pọn dandan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi falẹ̀. Táírọ́ọ̀dì ni ẹṣẹ́ kékeré tó wà níwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò, tó ní apá méjì bíi ti labalábá. Áyódíìnì inú oúnjẹ, tí àgbàlagbà nílò nǹkan bíi máíkírógíráàmù 150 rẹ̀ lójúmọ́, ló fi ń ṣe họ́mọ̀nù T4 àti T3, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri láti darí bí ara yóò ṣe yára tó nínú sísọ oúnjẹ di agbára. Bí wọ́n bá dín kù, ọkàn a máa lù jẹ́jẹ́, awọ a gbẹ, ìgbẹ́ a le. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, àyà a máa lù kìkì, ọwọ́ a máa gbọ̀n, èèyàn a sì máa rù bó tilẹ̀ ń jẹun dáadáa.

Ti gẹ̀gẹ̀ yàtọ̀. Ó lè yọ lọ́rùn ẹni tí họ́mọ̀nù rẹ̀ pé pérépéré, kí ó má sì sí lọ́rùn ẹni tí tirẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú. Ohun tí wọ́n sábà kọ́kọ́ ń wò ni TSH, họ́mọ̀nù tí ẹṣẹ́ kan nísàlẹ̀ ọpọlọ fi ń bẹ táírọ́ọ̀dì níṣẹ́: bí T4 kò bá tó, ẹṣẹ́ náà a túbọ̀ tú TSH jáde, kí ó lè ta táírọ́ọ̀dì jí.

Ẹ má tíì gbà pé àìtó họ́mọ̀nù táírọ́ọ̀dì ló ń ṣe yín o, torí àìtó ẹ̀jẹ̀ náà a máa fa àárẹ̀. Bó bá jẹ́ ti táírọ́ọ̀dì, oògùn levothyroxine, tí í ṣe T4 gan-an, ni wọ́n sábà ń fún èèyàn. Omi nìkan ni kí ẹ fi lò ó, ó kéré tán ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ àárọ̀, kí wákàtí mẹ́rin sì wà láàárín òun àti oògùn tó ní irin tàbí kálísíọ̀mù nínú. Kì í ṣiṣẹ́ wéré. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n sábà ń dúró kí wọ́n tó tún TSH yẹ̀ wò. Bí ẹ bá sì lóyún tàbí tí ẹ ń gbèrò rẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà, nítorí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, họ́mọ̀nù ìyá ni ọpọlọ ọmọ inú gbójú lé.