Ẹ Bi Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Ìgbéyàwó létí adágún, àwa méjì péré

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Iléṣà ni mí, Houston ni mò ń gbé. Ó ti pẹ́ tí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi ti fẹ́ ṣègbéyàwó, àmọ́ gbogbo ìgbà tá a bá ti dá ọjọ́, ìjà ni. Àwọn ará ilé mi ní Iléṣà ni ká ti ṣe é. Àwọn òbí tiẹ̀ tó wà ní Maryland, ní Amẹ́ríkà níbí, ní ọ̀dọ̀ àwọn ni. Lórí aṣọ ẹbí lásán, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti àbúrò ìyá ọkọ mi kì í kí ara wọn mọ́. Ó ti sú wa. A rí àwòrán adágún kan tí wọ́n ń pè ní Sprague Lake, láàárín àwọn òkè ní Colorado. A fẹ́ lọ síbẹ̀ lóṣù kẹsàn-án, àwa méjì péré, ká ṣe é ká parí ẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé òfin gbà kí tọkọtaya so ara wọn pọ̀ láìsí pásítọ̀, láìsí ẹlẹ́rìí? Ṣé Nàìjíríà máa kà á sí ìgbéyàwó? Ṣé ká sọ fáwọn òbí wa ṣáájú, àbí ká ṣe é tán ká tó sọ?*
*— Ó Ti Sú Wa, Houston*

Ọmọ mi, òfin gbà á. Ní Colorado níbí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tọkọtaya lè so ara wọn pọ̀ fúnra wọn. Òfin ò béèrè pásítọ̀, kò béèrè adájọ́, kò sì béèrè ẹlẹ́rìí. Texas tẹ́ ẹ̀ ń gbé ò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiyín, ẹni tí òfin yọ̀ǹda fún ló gbọ́dọ̀ so yín pọ̀, ẹ ó sì dúró fún wákàtí 72 lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó kẹ́ ẹ tó lè lò ó. Colorado ò ní kẹ́ ẹ dúró, kò sì ní kẹ́ ẹ jẹ́ ará ibẹ̀.

Àmọ́ ìwé wà o, ìwé náà ló sì ń sọ ohun tẹ́ ẹ bá ṣe létí omi di ìgbéyàwó. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì County Clerk, ìyẹn akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ẹ̀yin méjèèjì, pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀ yín. Owó ẹ̀ jẹ́ $30. Ìwé tẹ́ ẹ bá gbà ní county èyíkéyìí ní Colorado ṣeé lò níbikíbi ní ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Denver, ẹ lè gbà á níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó gòkè. Ẹ pè wọ́n ṣáájú kẹ́ ẹ gba àyè sílẹ̀. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á, ọjọ́ 35 lẹ ní láti fi lò ó. Níbi tó yẹ kí ẹni tó so yín pọ̀ fọwọ́ sí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fọwọ́ sí i. Ẹ mú báírò gidi dání àti pákó kékeré tẹ́ ẹ máa fi ìwé lé, torí atẹ́gùn etí omi yẹn kì í ṣeré. Tẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ sí i tán, ẹ dá a padà sí ọ́fíìsì tó fún yín, kí ọjọ́ 63 tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dì í mọ́ ẹrù lọ sí Houston. Ẹ fi ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ sì gba ẹ̀dà sátífíkéètì tó lóǹtẹ̀, ó kéré tán méjì, torí ọ̀rọ̀ páásípọ́ọ̀tù, báńkì àti yíyí orúkọ padà, òun ni wọ́n máa béèrè.

Ìwé kejì ni ti ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí adágún náà wà nínú ẹ̀. Inú Rocky Mountain National Park ni Sprague Lake wà, lẹ́bàá ìlú Estes Park. Kò sẹ́ni tó lè ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ, kódà kó jẹ́ tọkọtaya nìkan. Owó tiẹ̀ ni $300. Ìwé àṣẹ tí wọ́n ń fún èèyàn lóṣù kan níye, oṣù kẹsàn-án sì ni gbogbo ayé ń sáré sí, torí pé ìgbà yẹn ni ewé igi aspen máa ń pọ́n bíi wúrà, táwọn akọ ẹranko elk sì máa ń fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ké láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tètè kọ̀wé. Mú ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀, kó o sì gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ kan náà tí ìwé àṣẹ bá jáde.

Mo fẹ́ràn adágún tẹ́ ẹ yàn yẹn. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Abner Sprague ló dí odò níbẹ̀ kí àwọn àlejò ilé ìtura ẹ̀ lè rí ẹja pa, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ wá dà bí ibi tí Ọlọ́run fúnra ẹ̀ gbẹ́. Láàárọ̀ kùtù, kí atẹ́gùn tó jí, omi náà máa ń pa rọ́rọ́, wàá rí òkè Hallett Peak nínú ẹ̀ kedere, orí kodò. Títí bí aago mẹ́jọ nìyẹn. Tí atẹ́gùn bá ti dé, àwòrán yẹn ti lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí oòrùn bá yín níbẹ̀. Ìdí mìíràn tún wà: àárá máa ń sán lọ́sàn-án lórí àwọn òkè wọ̀nyí, ó wọ́pọ̀ jù lóṣù keje àti ìkẹjọ, àmọ́ oṣù kẹsàn-án náà ò bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mànàmáná ibẹ̀ sì ń pààyàn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Houston fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú kan náà pẹ̀lú òkun. Estes Park ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7,522, Sprague Lake sì lé ní 8,600. Jos tá à ń pariwo òtútù ẹ̀ nílé, bíi 4,000 péré ni. Afẹ́fẹ́ òkè yẹn fẹ́lẹ́. Orí lè máa fọ́ yín, òòyì lè máa kọ́ yín, oúnjẹ lè má wù yín, ẹsẹ̀ mẹ́wàá lè mú yín mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ wá ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ sùn ní Denver lálẹ́ àkọ́kọ́, ẹ mu omi dáadáa, ẹ má fẹnu kan ọtí títí ẹ ó fi fọwọ́ síwèé tán.

Èyí tí mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ níbí ni ti jẹ́nótáìpù. Ẹni tó bá jẹ́ SS tàbí SC, kó má gun òkè yẹn láì kọ́kọ́ rí dókítà ẹ̀, torí àìtó afẹ́fẹ́ lè gbé àìsàn náà dìde. Ọ̀pọ̀ ẹni tó jẹ́ AS ń lọ, wọ́n ń bọ̀, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Síbẹ̀, bí ikùn apá òsì, lábẹ́ egungun ìhà, bá bẹ̀rẹ̀ sí í dun AS gan-an lórí òkè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí ò dà. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kó sì fẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn pé AS lòun, torí ó lè má wá sí wọn lọ́kàn. Mo mọ̀ pé ẹ ti bára yín sọ ọ̀rọ̀ AA àti AS kẹ́ ẹ tó dé ìdí ìgbéyàwó. Ẹ tún un sọ nítorí òkè.

Aṣọ ńkọ́? Ẹ wọ aṣọ òkè. Ó nípọn, òtútù àárọ̀ oṣù kẹsàn-án ò ní rí yín gbé ṣe, àwọ̀ ẹ̀ á sì yọ lára omi àti ewé. Wé gèlè rẹ mọ́lẹ̀ dáadáa, má wé e ga, kó o fi pín-ìnnì dè é lẹ́yìn. Kí ọkọ rẹ ká agbádá sí èjìká kó sì máa bójú tó o, torí atẹ́gùn yẹn lè gbé e bò ó lójú níbi tẹ́ ẹ bá ti ń ya fọ́tò. Bàtà tó dì mọ́lẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ẹ má ná ara yín lówó létí omi. Ẹ má da òdòdó tàbí ìrẹsì sílẹ̀, ọgbà ò gbà á. Ẹ má gbé díróònù wá, wọn ò gbà á nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ kankan. Tẹ́ ẹ bá rí moose, ẹranko dúdú gàgàrà tí ìwo ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́, tó ń jẹ ewéko nínú omi, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 120 sí àárín ẹ̀yin àtòun. Ó lè máa rìn bí onísùúrù. Tó bá yí padà sí yín, ẹ ò lè sá fún un.

Ní ti Nàìjíríà: ìgbéyàwó tó bá òfin ibi tí wọ́n ti ṣe é mu, ilé náà máa ń kà á sí ìgbéyàwó, bí kò bá ti sí ohun tó dí yín lọ́wọ́, bíi pé ọ̀kan nínú yín ṣì jẹ́ ọkọ tàbí aya ẹlòmíràn. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí àwọn ẹbí wá sọ lẹ́yìn èyí pé ẹ tún lọ ṣe ti Ìkòyí, kẹ́ ẹ wá lọ búra ní kóòtù pé àpọ́n àti ọmọge ni yín. Ìbúra èké nìyẹn. Ìdáná ò ní wàhálà. Ẹ lè ṣe ìdáná lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n ka lẹ́tà, kí ọkọ rẹ dọ̀bálẹ̀ títí àyà ẹ̀ á fi bó.

Ó wá ku ìbéèrè rẹ tó gbẹ̀yìn, èyí tí mo rò pé òun gan-an ló mú ọ kọ̀wé.

Ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Mo mọ̀ pé ó ti sú yín, mo sì gbà pé ẹ tó bẹ́ẹ̀ láti dá ṣe é. Mi ò ní bẹ̀ yín kẹ́ ẹ padà sídìí aṣọ ẹbí. Àmọ́ ìyá rẹ lè fara da pé òun ò sí níbẹ̀. Ohun tí kò ní lè gbé ni kí ará ṣọ́ọ̀ṣì kan na fóònù sí i lẹ́yìn ìsìn pé, "Ẹ kú oríire o, a rí ọmọ yín lórí WhatsApp," kí òun sì máa wò bọ̀ọ̀. Ìtìjú yẹn ò ní tán láàárín yín láéláé. Gbogbo ìgbà tó o bá bímọ, gbogbo ìgbà tó o bá wálé, á máa wà níbẹ̀.

Kí ìwọ pe ìyá rẹ, kí ọkọ rẹ pe bàbá tiẹ̀. Ẹ má ṣe é lórí gúrúùpù. Ẹ má sọ pé "a ò fẹ́ yín níbẹ̀." Ẹ sọ pé ìwé lẹ fẹ́ lọ tọwọ́ bọ̀, pé ìdáná ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kẹ́ ẹ sì fún wọn ní oṣù kan pàtó tí ìdáná máa wáyé ní Iléṣà, torí ìlérí tí kò lọ́jọ́, àgbàlagbà kì í gbà á gbọ́. Wọ́n lè bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú, ìgbà tí ọjọ́ ṣì jìn yẹn ló dáa jù.

Lẹ́yìn náà, ẹ tọrọ àdúrà. Ẹ má gbìyànjú láti pè wọ́n láti etí adágún, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì inú ọgbà yẹn ò ṣeé gbọ́kàn lé. Òtẹ́ẹ̀lì ni kẹ́ ẹ ti pè wọ́n lórí fídíò, lọ́jọ́ tó ṣáájú. Nàìjíríà fi wákàtí méje ṣáájú Colorado nígbà yẹn, nítorí náà aago méjìlá ọ̀sán tiyín ni aago méje alẹ́ ní Iléṣà, Maryland á sì jẹ́ aago méjì ọ̀sán. Kí ìyá rẹ gbé oyin, iyọ̀, obì àti ataare tiẹ̀ síwájú, kẹ́yin náà ní oyin àti iyọ̀ nínú yàrá yín. Bó bá ṣe ń wúre, kẹ́ ẹ máa tọ́ ọ wò. Kí ẹ̀yin méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ti rí ìyá tó ti kọ̀ jálẹ̀ fún oṣù gbáko tó jẹ́ pé ibi oyin ló ti bú sẹ́kún, tó ní kí wọ́n máa lọ, kí Ọlọ́run ṣáájú.

Tí ìyá ọkọ rẹ bá ní kóun kàn yọjú láti Maryland ńkọ́? Ó rọrùn fún un lóòótọ́: ọ̀nà tó yí Sprague Lake ká ò tó máìlì kan, ó tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ arọ pàápàá ń gbà á. Àmọ́ èmi ò fara mọ́ ọn, àyàfi bí ìyá rẹ náà bá lè wá. Bí ẹbí kan bá wà níbẹ̀ tí èkejì ò sí, ìjà aṣọ ẹbí á wá dà bí eré. Ó yá kó jẹ́ ẹ̀yin méjì.

*Àǹtí, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Calgary, ní Kánádà, ní òun fẹ́ ṣègbéyàwó ní Lake Louise, láàárín àwọn òkè, láìpe èèyàn. Mo ní ṣé ìgbéyàwó ajá ni? Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ṣé òótọ́ ló ń sọ, àbí ó kàn fẹ́ lọ bá ọkùnrin gbé?*
*— Bàbá Onílàákàyè, Ìbàdàn*

Bàbá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ìgbéyàwó ajá mọ́, kó má baà dákẹ́ lára yín. Òótọ́ ló ń sọ, òfin Alberta, ìpínlẹ̀ tí Calgary wà, tilẹ̀ le ju ti Colorado lọ. Ibẹ̀ ò gbà kí tọkọtaya so ara wọn pọ̀. Wọ́n á gba ìwé tí agbára ẹ̀ ń wà fún oṣù mẹ́ta, wọ́n á wá ní òṣìṣẹ́ tí ìjọba yàn fún ìgbéyàwó tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, àti ẹlẹ́rìí méjì tó ti pé ọdún 18, tí wọ́n á dúró níbẹ̀ tí wọ́n á sì fọwọ́ síwèé. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọkùnrin gbé lásán ò ní ṣe gbogbo ìyẹn. Inú Banff National Park ni Lake Louise wà, kó béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Parks Canada kó tó dá ọjọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yìí ni kẹ́ ẹ dì mú. Ẹ bi í ta ni ẹlẹ́rìí kìíní, ta ni ìkejì. Bí ọ̀rẹ́ ọkọ bá jẹ́ ọ̀kan, ẹ ní kí ìkejì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n tó bá wà nítòsí níbẹ̀, kí onítọ̀hún sì pè yín tó bá ti fọwọ́ sí i tán.